Iṣan Ẹsẹ̀ tí Ó Wú tí Ó sì Lọ́, àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ògbooro ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń ti oko bọ̀, tí àwọn ìyá sì ń ru iṣu àti igi ìdáná wọlé, ó lè rí i lára ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn pé iṣan kan yọ sókè lábẹ́ awọ, ó ta kókó, ó sì lọ́ bíi gbòǹgbò igi tí ó yọ sí ojú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní i ni kò kà á sí. Wọ́n a máa wí pé iṣẹ́ ni ó fà á, àti pé bí ènìyàn bá ti ń dàgbà ni iṣan rẹ̀ yóò máa hàn. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà, tí wọ́n ń wí pé ẹnìkan ni ó fi oògùn sí ojú ọ̀nà tí àwọn fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn ti ìṣáájú kì í ṣe ohunkóhun sí i títí yóò fi di egbò. Àwọn ti ìkejì a ná owó wọn sí ibi tí kò yẹ, egbò a sì bá wọn níbẹ̀ náà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí iṣan wíwú jẹ́, ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i nínú ilé ara rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó tọ dókítà lọ.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ TI Ń RÌN NÍNÚ ẸSẸ̀

Kí a tó mọ ohun tí ó bàjẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti rí nígbà tí ó dára. Oríṣi iṣan méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà rìn nínú ara. Èkíní ni èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. A ó máa pè é ní iṣan àlọ. Òun ni a ń gbọ́ bí ó ti ń lù nígbà tí a bá fi ìka kan ọrùn ọwọ́. Èkejì ni èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà padà sí ọkàn. A ó máa pè é ní iṣan àbọ̀. Iṣan àbọ̀ ni a ń rí ní ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn àgbàlagbà àti lára ẹsẹ̀. Òun ni ó ń wú, tí ó sì ń lọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ iṣan àbọ̀ ti ẹsẹ̀ ti wúwo tó. Nígbà tí àgbàlagbà bá dìde dúró, láti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ọkàn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4, òkè sì ni ẹ̀jẹ̀ náà ní láti gùn. A mọ̀ pé omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀. Ohun méjì ni ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Èkíní ni ẹran tí ó wà ní ẹ̀yìn ojúgun. Nígbàkúùgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹran yìí a máa fún àwọn iṣan tí ó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú wọn a sì rú sókè, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti ń ti afẹ́fẹ́ sínú iná.

Èkejì ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà nínú iṣan àbọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ìgèrè dẹ ẹja rí mọ bí ẹnu rẹ̀ ti rí: ẹja lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Wọ́n a máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ padà sí ìsàlẹ̀, wọ́n a pa dé mọ́ ọn.

Ọ̀mọ̀wé kan ará Ítálì tí a ń pè ní Fabricius, tí ó ń kọ́ni ní ìlú Padua, ni ó tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1603 nípa àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí. William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Padua, ni ó wá fi wọ́n ṣe ẹ̀rí nínú ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1628 pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń yí gbogbo ara ká tí ó sì ń padà sí ọkàn. Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Ẹ wá ẹnìkan tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ máa ń hàn dáradára. Kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ rọra so apá rẹ̀ lókè ìgúnpá. Iṣan yóò yọ, ẹ ó sì rí àwọn ibi tí ó ta kókó díẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Ẹ fi ìka kan tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ kókó kan, kí ẹ sì fi ìka kejì ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ gòkè kọjá kókó náà. Ibi tí ó wà láàárín ìka kìíní àti kókó yóò ṣófo, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọjá kò sì ní padà wá. Bí ẹ bá gbé ìka kìíní kúrò, ẹ̀jẹ̀ yóò kún un láti ìsàlẹ̀ lójú kan náà. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ náà pẹ́ lára apá olúwarẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń BA ILẸ̀KÙN NÁÀ JẸ́

Bí ilẹ̀kùn kan kò bá pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gòkè yóò máa padà sílẹ̀, yóò sì máa wúwo lé ilẹ̀kùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, èyíinì náà yóò yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan yóò ṣe máa fẹ̀, tí yóò sì máa gùn ju àyè tí ó wà fún un lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń lọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ olúwarẹ̀ pọ̀ jù, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Kì í ran ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ó dúró sí ibi tí kò yẹ kí ó dúró sí.

Ohun tí ó máa ń fà á pọ̀. Èkíní ni ìdílé: ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní i lè ní i pẹ̀lú. Èkejì ni ọjọ́ orí, nítorí bí a ti ń dàgbà ni awọ iṣan ń dẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oyún. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ a pọ̀ sí i, iṣan rẹ̀ a dẹ̀, ilé ọmọ tí ń dàgbà a sì tẹ àwọn iṣan àbọ̀ ńlá tí ó wà nínú ikùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi kọ́kọ́ rí i nígbà oyún, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí oyún ti ń tẹ̀lé oyún. Ẹ̀kẹrin ni ara sísanra jù. Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rí, nítorí ó lè ba ilẹ̀kùn jẹ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ.

Ẹ̀kẹfà ni dídúró tàbí jíjókòó pẹ́ lójú kan. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ń ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, nítorí náà ẹwìrì ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ wo ìyá tí ó jókòó ti iná níbi tí ó ti ń yan gààrí, tàbí tí ó ń bẹ iṣu èlùbọ́ láti ìdájí. Ẹ wo ahunṣọ Ìséyìn tí ó fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ òfì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dúró sí ẹsẹ̀ wọn, ooru iná sì ń mú kí iṣan ẹni tí ó jókòó tì í fẹ̀ sí i. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè máà jẹ́ òun nìkan ni ó fa iṣan wíwú, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ó ro ẹni tí ó ti ní i lára púpọ̀.

ǸJẸ́ ÀRÙN ÀWỌN ÒYÌNBÓ NI?

Àwọn kan ti gbọ́ pé àrùn yìí kì í ṣe ènìyàn dúdú. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ùgáńdà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀wé ní ọdún 1972 pé iṣan wíwú kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará oko ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó rò pé oúnjẹ ni ó fà á. Ó ní àwọn tí ń jẹ ọkà tí a kò yọ èèpo rẹ̀ kúrò kì í fi agbára yàgbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní èèpo a máa fún ara wọn pọ̀, ìfúnra náà a sì wúwo lé iṣan ẹsẹ̀.

Àwọn tí ó wádìí lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i pé oúnjẹ nìkan ni ìdí; wọ́n rí i pé ìdílé, ọjọ́ orí àti oyún ní ọwọ́ nínú rẹ̀ púpọ̀. Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí a rántí: kíka àwọn tí ó wá sí ilé ìwòsàn kọ́ ni kíka àwọn tí ó ní àrùn. Ìró àti ṣòkòtò ń bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì dùn gidigidi kì í fi oko sílẹ̀ wá dókítà lọ. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn Burkitt lórí oúnjẹ dára fún ara. Ọkà bàbà, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti èso a máa jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Iṣan tí ó yọ ni àmì tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ẹsẹ̀ a máa wúwo ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa ro ni. Bí a bá dùbúlẹ̀ tí a sì gbé e sókè, a fúyẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ a máa wú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìwú náà a sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Pajápajá a máa mú ni lóru. Awọ a máa yún ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ní iṣan wíwú títí ọjọ́ ogbó wọn, tí kò sì ní ṣe wọ́n ní ibi kankan. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n àwọn àmì mìíràn wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Bí awọ tí ó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá ní apá inú, bá bẹ̀rẹ̀ sí i dúdú ju ti ibi yòókù lọ, tí ó sì ń le bí awọ gbígbẹ, ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró ti ń ba awọ náà jẹ́. Ibẹ̀ ni egbò yóò ti yọ bí a kò bá ṣe nǹkan. Ìfarapa kékeré, bí ẹ̀gún tàbí igi tí ó fi họ ni, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, egbò náà yóò sì di egbò àdáàjinná. Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko.

KÌ Í ṢE GBOGBO ẸSẸ̀ WÍWÚ NI TI IṢAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ara rẹ̀ nìkan dájọ́. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ a máa yọ lára àwọn tí ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní sickle cell, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fọ̀níkúfọ̀ládìde. Àtọ̀gbẹ a máa fa egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí kì í sì í dun ẹni tí ó ni í. Jàbùtẹ̀ a máa wú ẹsẹ̀, ìwú rẹ̀ kì í sì í lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ayé àtijọ́, sòbìà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yóò kọ́kọ́ rò bí ẹsẹ̀ bá wú tí ó sì yọ egbò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà egbò ẹsẹ̀ tí ẹ bá rí nísinsìnyí, ẹ wá ìdí mìíràn fún un.

Ọ̀kan sì wà tí ó ní ewu púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń dun ni, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí lẹ́yìn tí ènìyàn ti dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan tí ó jìn. Ẹ má ṣe fi òróró ra á. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró, olúwarẹ̀ a sì kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

BÍ IṢAN BÁ BẸ́ TÍ Ẹ̀JẸ̀ SÌ Ń DÀ

Èyí ni ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, nítorí ó ti pa àwọn ènìyàn tí kò yẹ kí ó pa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ti oko bọ̀, kùkùté kan sì họ ọ́ lórí iṣan tí ó wú. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí i tú jáde. Kò dùn ún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Àwọn ènìyàn sáré wá. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí, wọ́n sì fi okùn so itan rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà tún pọ̀ sí i. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí i pòòyì ìyá náà, gbogbo wọn sì ń wí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán.

Ojú lásán ni. Okùn tí a so mọ́ itan lè dí iṣan àbọ̀, tí kò sì ní dí iṣan àlọ tí ó jìn sínú. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa wọ inú ẹsẹ̀ náà, kò ní rí ọ̀nà padà, ojú ọgbẹ́ ni yóò sì gbà jáde. Jíjókòó pẹ̀lú ń mú kí gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà wúwo sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe nìyí:

Èkíní, kí wọ́n tẹ́ ìyá náà sílẹ̀ gbalaja lójú kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí ilẹ̀ ọ̀nà oko.

Èkejì, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sókè ju àyà rẹ̀ lọ, kí ẹnìkan dì í mú, tàbí kí wọ́n gbé e lé orí apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi aṣọ tí ó mọ́ bo ojú ọgbẹ́ náà, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú 15, láìsí pé wọ́n ń ṣí i wò.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá dá, kí wọ́n fi aṣọ dì í, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìdùbúlẹ̀. Níbẹ̀ ni a ó ti tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà, tí a ó sì wò ó bí ó bá yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ọmọdé tí ó ti mọ ìwé kà lè ṣe gbogbo èyí. Ẹ kọ́ wọn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍNÚ ILÉ

Kò sí ewé tàbí egbò igi tí ó lè dá ilẹ̀kùn tí ó ti yẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Kò sì sí oògùn mímu tí ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a lè ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gòkè, ìrora a sì dín kù.

Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí ẹ bá ti oko tàbí ọjà dé, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí tàbí àpò tí ó ga ju àyà lọ, fún bí ìṣẹ́jú 15, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Lóru, ẹ lè fi bíríkì kan sí abẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn ní ìhà ìsàlẹ̀.

Ẹ máa rìn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìdúró tàbí ti ìjókòó, kí ó máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lè kúrò, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò ní ogún ìgbà, kí ẹwìrì ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́.

Ẹ máa di ẹsẹ̀. Báńdéèjì tí ó ń fà tàbí ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí dára. Òwúrọ̀ ni a ń dì í, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì wú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ máa yí i gòkè títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Kí ó le jù ní ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gòkè. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó kú tipiri, tàbí tí ó ń dun ni, ẹ tú u. Kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, tàbí tí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ro ó tí ó fi ń dúró sinmi lójú ọ̀nà, tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ, má ṣe dì í kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ pé iṣan àlọ rẹ̀ ni ó dí, dídì náà yóò sì ṣe é ní ibi.

Ẹ máa tọ́jú awọ. Nígbà ọyẹ́, awọ ẹsẹ̀ a máa gbẹ, a sì máa là. Ẹ fi òrí tí ó mọ́ pa á ní alẹ́. Ẹ rọra fi í pa á. Ẹ má ṣe fi agbára ra iṣan náà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí orí iṣan náà. Ẹ má ṣe fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná tàbí irin gbígbóná jó o. Gbogbo ìwọ̀nyí lè ṣí iṣan tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ẹ ti rí ohun tí yóò tẹ̀lé e.

ÌTỌ́JÚ TI DÓKÍTÀ

Dókítà yóò wo ẹsẹ̀ náà nígbà tí ẹ bá dúró, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, yóò fi ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo inú ara, irú èyí tí a fi ń wo aboyún, mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ̀ àti bí iṣan tí ó jìn ti rí. Kò dun ni rárá. Bí aboyún bá ní iṣan wíwú, dídì àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè ni a ń fún un. A kì í ṣe ìtọ́jú mìíràn sí i títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń mú iṣan tí ó bàjẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó pẹ́ jù ni iṣẹ́ abẹ. Friedrich Trendelenburg ti ilẹ̀ Jámánì kọ̀wé ní ọdún 1890 nípa bí òun ti ń so iṣan ńlá tí ó wà lábẹ́ awọ ní itan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí i yọ iṣan náà kúrò pátápátá. Ọ̀nà kejì ni abẹ́rẹ́: a ó fi oògùn tí a pò bí ìfófòó ọṣẹ sínú iṣan náà, iṣan náà yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀nà kẹta, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1999, ni ooru: a ó ti okùn tín-ín-rín kan bọ inú iṣan náà láti orúnkún, ooru tí ó jáde ní ẹnu rẹ̀ yóò sì pa iṣan náà dé láti inú. Ẹni tí a ṣe é fún lè rìn lọ sí ilé ní ọjọ́ náà. Ní ọdún 2013, àjọ NICE, tí ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wí pé ooru ni kí a kọ́kọ́ fi lọ aláìsàn; bí kò bá bá a mu, abẹ́rẹ́; bí ìyẹn náà kò bá bá a mu, iṣẹ́ abẹ.

Ẹnìkan lè béèrè pé: Bí a bá dí iṣan kan, ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ yóò gbà padà? Ẹ rántí pé iṣan tí ó jìn sínú ẹran ni títì ńlá. Òun ni ó ń gbé nǹkan bí ìdá 9 nínú ìdá 10 ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀. Iṣan tí ń wú lábẹ́ awọ dàbí ọ̀nà oko. Bí afárá ọ̀nà oko bá já tí a sì fi igi dí i, títì ni gbogbo ènìyàn yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: iṣan mìíràn lè tún wú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí a tọ́jú má ṣe fi ìrìn àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi wà ní Ṣakí, kò sì jìnnà púpọ̀ sí àwọn ará Ògbooro, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Àgọ́-Àmọ̀dù. Ó dára kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè kọ̀wé fún aláìsàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907, tí ó sì ti di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen. Tàbí sí UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957. Kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ béèrè irú ìtọ́jú tí ó wà níbẹ̀ àti iye owó rẹ̀.

BÍ Ó BÁ TI DI EGBÒ

Kí ẹni tí ó ti ní egbò má ṣe sọ ìrètí nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ewé, ìyẹ̀fun inú kápúsù tàbí epo sí ojú egbò, wọ́n sì ń yà á lẹ́nu pé kò jinná. Ohun tí ó fa egbò náà kò sí ní ojú rẹ̀; inú iṣan ni ó wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì dúró níbẹ̀, kò sí ohun tí a lè dà sí ojú egbò tí yóò mú un jinná. Ẹ fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè di ẹsẹ̀ náà bí ó ti yẹ. Dídì yìí ni olórí ìtọ́jú.

Ní ọdún 2018 ni a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 20 ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, lára ènìyàn 450 tí ó ní irú egbò yìí. Gbogbo wọn ni a di ẹsẹ̀ wọn. Apá kan ni a tètè pa iṣan wọn dé. Apá kejì ni a fi ti wọn sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Láàárín àwọn tí a tètè tọ́jú, ìdajì ni egbò wọn ti jinná kí ó tó pé ọjọ́ 56. Láàárín àwọn yòókù, ó gbà tó ọjọ́ 82. Ẹ wo bí oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín wọn. Àgbẹ̀ mọ ohun tí oṣù kan jẹ́ nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa ní Òkè-Ògùn, kí ẹ wo ẹsẹ̀ yín ní alẹ́ òní kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ ìyá yín àgbà tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun. Bí iṣan bá wú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí awọ ọrùn ẹsẹ̀ bá ń dúdú, ẹ lọ sí Ṣakí kí egbò tó yọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ìdùbúlẹ̀ ni, kì í ṣe ìjókòó. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe okùn. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.